Wọ́n Fi Sàmíát Jẹ Ìyá Ẹgbẹ́

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi pa mọ́. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí n tó mú kálámù. Ó ti tutù tó. Ọ̀rọ̀ Sàmíát Àtàndá ni mo fẹ́ sọ, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Okokomaiko, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìbà, obìnrin tí ẹgbẹ́ wa fi oyè lé kúrò nídìí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ.

Ẹgbẹ́ ayàwòrán ni ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kámẹ́rà jẹun o. Èmi Kúnlé, táìlì ni mò ń tà ní Ìyànà Ìbà. Ẹlòmíì ń kọ́ ọmọ níléèwé, ẹlòmíì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìfẹ́ fọ́tò ló kó wa pọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, a ó wọ àdúgbò kan, a ó máa ya ohun tójú bá rí: omi, ọkọ̀ ojú omi, àwọn àgbàlagbà tó ń ta ayò. Ẹgbẹ́ Ojúlarí ni wọ́n sọ ọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò rántí pé òwe ni, àti pé ìyókù òwe náà ni pé ọ̀rẹ́ ò dénú.

Ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an ni Sàmíát. Àwórì ni bàbá rẹ̀, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló gbé dàgbà. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó kéré lára, ohùn rẹ̀ ò ga, tépù tó fi ń wọn aṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, títí kan ọjọ́ tí kò bá ránṣọ. Aṣọ tó bá rán tán ló kọ́kọ́ máa ń fi fóònù yà kí oníbàárà tó wá gbé e. Nígbà tó yá, ó rí i pé ojú ẹni tó wọ aṣọ náà dùn ún wò ju aṣọ lọ. Ló bá gba ọjà Alábà lọ, ó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan tí ìdérí ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí ti kán, ó fi rọ́bà dè é. Òun ló gbé wá sẹ́gbẹ́. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí fọ́tò tó yà, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ìkíni ni.

Kí Sàmíát tó dé, lílé ni wọ́n máa ń lé wa. Bí a bá ti yọ kámẹ́rà lápò báyìí, ẹnì kan á ti bi wá pé ta ló rán wa, ṣé a fẹ́ wá wó ilé àwọn ni. Létí omi, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe eré, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wólé onílé, fọ́tò ló kọ́kọ́ máa ń wá yà. Àwa ò ronú kan ìyẹn. A ó máa bínú pé ojú àwọn èèyàn náà ò là, a ó sì wọkọ̀ padà.

Sàmíát ló tún un ṣe. Bí ìjáde bá ku ọjọ́ díẹ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù pa nírọ̀lẹ́, á lọ sí àdúgbò náà láìgbé kámẹ́rà dání. Á kí olórí àdúgbò, á kí àwọn ìyá, á jókòó tì wọ́n. Á béèrè ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, kí a má baà yà síbẹ̀. Á béèrè ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí kò sí abiyamọ tó fẹ́ kí àjèjì ya ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ. Á mọ ẹni tí kò fẹ́ fọ́tò rárá. Tí a bá fi máa dé lọ́jọ́ ìjáde, wọ́n á ti kó àga síta dè wá. Lẹ́yìn rẹ̀, á tẹ àwọn fọ́tò náà jáde, á kó wọn padà lọ fún àwọn tó ni ojú. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Sàmíát ló ń da omi yìí, gbogbo wa la sì jọ ń tẹ ilẹ̀ tútù, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ẹsẹ̀ ń dùn ún bí.

Ní àdúgbò kan létí ọ̀sà, lápá Ọ̀tọ̀-Àwórì, ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń yan ẹja. Ìyá Fáòsíátù là ń pè wọ́n. Màmá yìí ò fẹ́ fojú kan kámẹ́rà. Nígbà kan, àwọn àjèjì kan ti wá yà wọ́n nínú èéfín láìsọ fún wọn. Kò pẹ́, ọmọ ọmọ wọn rí fọ́tò náà lórí fóònù, àwọn yẹn ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí aráyé wá wo bí ìyà ṣe ń jẹ àgbàlagbà. Ìyà kẹ̀? Ìyá tó fi ẹja kọ́lé, tó fi ẹja lọ Mẹ́kà!

Sàmíát ń lọ sọ́dọ̀ wọn léraléra. Á bá wọn yí ẹja lórí iná, kò sì ní dárúkọ fọ́tò. Nígbà tí màmá gbà níkẹyìn, ìlérí kan ni Sàmíát ṣe fún wọn: ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa ò ní ya ẹnì kankan nínú agbo ilé wọn láìtọrọ àyè, kò sì sí fọ́tò tí aráyé á rí kí àwọn fúnra wọn tó rí i. Màmá ní àwọn ò mọ ẹgbẹ́ kankan o, ọ̀rọ̀ ẹnu Sàmíát làwọn gbà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kan kì í dúró gba àyè kí wọ́n tó yà. Tó bá bá wọn wí, wọ́n á bi í pé ipò wo ló wà. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá ipò. Kò wá a torí iyì.

Ààrẹ wa ni Ìnjíníà Ògúnlànà, lándíọ̀dù kan ní Ìbà. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó kí n máa fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún un, mo sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi yìí, "ó" ni màá pè é. Òun ló ní ẹgbẹ́ tí kò bá lóyè, ẹgbẹ́ ọmọdé ni, pé ó tó àkókò kí a pín ipò. Ló bá pe ìpàdé sí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan nítòsí ilé rẹ̀. Ẹ bá mi wo àgbà ọkùnrin tó jókòó sórí àga ọmọ ọdún mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tó ń pín oyè.

Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá lówó, ẹ fi í jẹ Gíwá. Ẹni tó bá dàgbà, ẹ fi í jẹ Bàbá Ìsàlẹ̀. Oyè la fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, kò sì burú ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, ẹni tó máa ṣe é là ń wá. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni pé kí lo máa ṣe. Wọ́n yan igbákejì ààrẹ, wọ́n yan igbákejì igbákejì. Wọ́n yan alukoro, ọkùnrin kan tí kì í gbé fóònù rẹ̀ tí a bá pè é. Bí wọ́n ti ń dárúkọ ni à ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó kan Alága Ìjáde, ẹni tí yóò máa ṣáájú wa lọ sí àdúgbò, Sàmíát nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fẹ́ ṣe ìyẹn," ó ní. "Mo ti ń ṣe é bọ̀. Mo fẹ́ kí ó di òfin pé a ò ní ya ilé tí a ò bá kí."

Ògúnlànà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ gidi ni, ó ní ẹgbẹ́ mọ iṣẹ́ tí màdáámù ń ṣe, ìdí sì nìyẹn tí àwọn fi rò ó dáadáa. Alága Ìjáde, ó gbé e fún Ọlájídé, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ gùn tó apá ọmọdé, tó sì ti ní òun máa bá wa ṣe jẹ́sì. Ní ti Sàmíát, nítorí ìwà ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi í jẹ Ìyá Ẹgbẹ́. Àtẹ́wọ́ sọ. Obìnrin mẹ́ta wà nínú yàrá yẹn tó tó bí i lọ́mọ.

Sàmíát kò jókòó. Ó béèrè pé kí ni Ìyá Ẹgbẹ́ máa ń ṣe.

"Ìyá Ẹgbẹ́ kì í ṣe nǹkan kan, màdáámù," Ògúnlànà ní. "Ìyá Ẹgbẹ́ máa ń jókòó ni. Àwa ọmọ la ó máa sáré."

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo dìde láti sọ pé ìwọ̀sí ni, pé ẹ ò lè fi oyè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde, àga kékeré náà há mọ́ mi nídìí, ó bá mi dìde. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa ọ̀rọ̀ mi. Kí n tó yọ àga kúrò lára, wọ́n ti wà lórí àdúrà ìparí.

Níta, mo ní màá lọ bá Ògúnlànà nílé rẹ̀. Sàmíát dá mi dúró. "Bọ̀dá Kúnlé, ẹ má bá wọn jà," ó ní. "Wọ́n ní kí n jókòó. Màá jókòó." Inú bí mi sí òun náà. Mo rò pé ó ti gbà fún wọn nìyẹn.

Àdúgbò Ìyá Fáòsíátù yìí gan-an ni Ọlájídé mú fún ìjáde àkọ́kọ́. Ó ti rí àwọn fọ́tò tí Sàmíát yà níbẹ̀, ó fẹ́ yà tirẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Sàmíát lọ́sẹ̀ náà, ṣòkòtò mi ni mo lọ gbà, nígbà tó pe Ọlájídé. Ó tẹ fóònù kí èmi náà lè máa gbọ́. Ó sọ fún un pé Fáòsíátù, ọmọbìnrin màmá yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọkọ rẹ̀, pé ó ti padà sílé ìyá rẹ̀, ó wà nínú opó, kí wọ́n má ṣe dé agbo ilé náà. Ó sọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ kí ṣáájú. Ọlájídé ní kí Ìyá Ẹgbẹ́ fọkàn balẹ̀, òun ti gbé ìkéde ìjáde náà sórí Wáàsáàpù.

Wáàsáàpù ta ni? Ìyá Fáòsíátù wà lórí Wáàsáàpù wa ni?

Sàmíát pe Ògúnlànà náà, ó ní kí wọ́n gbé ìjáde lọ síbòmíì. Ìyẹn ní òun á wò ó sí. Mo wá bi Sàmíát pé kí ló dé tí kò kúkú lọ kí àwọn ará àdúgbò náà fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó gé òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, kò wò mí lójú.

"Tí mo bá lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni màá tún fi dúró fún ẹni tí kò ní gbọ́ tèmi," ó ní. "Kí n má parọ́ fún màmá."

Ọjọ́ ìjáde pé. Jẹ́sì yẹ́lò, oyè oníkálukú wà lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá: ÀÀRẸ, IGBÁKEJÌ ÀÀRẸ, ALÁGA ÌJÁDE. Sàmíát ò wá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà. Bí a ṣe dé etí omi, mo rí i pé kò sí àga kankan níta. Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe gbójú sókè wò wá, wọn ò dáhùn nígbà tí a kí wọn látọ̀nà jíjìn, torí kíkí lójú ọ̀nà kì í ṣe kíkí ilé.

Mo rán Ọlájídé létí ọ̀rọ̀ opó náà. Ó ní òun ò ní wọ inú agbo ilé. Lóòótọ́, kò wọlé. Orí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ló gùn, ó gbé lẹ́ǹsì gígùn rẹ̀ sójú, ó ń yàwòrán láti òkè ọgbà wọnú agbo ilé Ìyá Fáòsíátù. Orí ẹní ni Fáòsíátù jókòó sí nínú aṣọ dúdú, kò borí, torí ó mọ̀ pé ilé ìyá òun lòun wà.

Ó kígbe. Ohùn yẹn ṣì wà létí mi.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò dé, wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja kan wá, wọ́n ní kí oníkálukú kó kámẹ́rà rẹ̀ sínú rẹ̀. A kó o sí i, tèmi náà. Ògúnlànà bẹ̀rẹ̀ gẹ̀ẹ́sì, ó ní ìta gbangba ni ibí, ó ní ààrẹ lòun. Ọ̀kan nínú wọn yí i padà jẹ́jẹ́, ó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá bi í pé, "Ààrẹ ibo?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Fáòsíátù jáde wá, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, eérú ẹja wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá ojú kan.

"Sàmíát fún mi lọ́rọ̀ ẹnu ẹ̀," wọ́n ní. "Ṣé ó ti kó o jẹ ni?"

Ìyẹn ló dùn mí ju kámẹ́rà lọ. A ba iyì ọmọlúàbí èèyàn jẹ́ lójú àgbà, obìnrin tí kò sí níbẹ̀, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo pè é lórí fóònù.

Ọ̀kadà ló gbé e dé, tépù lọ́rùn, fọ́nrán òwú lára síkẹ́ẹ̀tì. Kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Iwájú màmá ló lọ kúnlẹ̀ sí nínú iyanrìn. Kò ní ẹgbẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Kò ní òun kìlọ̀ fún wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ òun ló bàjẹ́, òun ò ní àwáwí, kí màmá bá òun bẹ Fáòsíátù. Ó wọlé lọ bá Fáòsíátù, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá ti gbé àpótí kan síta dè é.

Ògúnlànà sún mọ́ ọn. Ó ti sọ fún Ọlájídé pé kó bọ́ jẹ́sì, ó mú un dání. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, màdáámù ni Alága Ìjáde, ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i, kó kàn bá wọn bẹ àwọn èèyàn yìí kí wọ́n lè gba kámẹ́rà. Sàmíát wo jẹ́sì náà. Ó jókòó sórí àpótí.

"Mo ti lóyè, Ìnjíníà," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé Ìyá Ẹgbẹ́ kì í ṣe nǹkan kan, jíjókòó ló máa ń jókòó, ẹ̀yin ọmọ lẹ ó máa sáré. Ó yá, ẹ sáré. Ilé olórí àdúgbò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ògúnlànà wo màmá, ó wo apẹ̀rẹ̀ ẹja. A bẹ̀rẹ̀. Láti ilé dé ilé ni a ń dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń kúnlẹ̀, ààrẹ níwájú, ṣòkòtò funfun rẹ̀ gba ẹrẹ̀ àti ìpẹ́ ẹja. Bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀, oyè ẹ̀yìn wọn kọjú sókè, àwọn ọmọdé ń kà á sókè ketekete. Ní ilé kan, bàbá tó wà níbẹ̀ ń jẹun lọ, a dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi jẹun tán. Mo wà lára wọn, mi ò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ mí kúrò. Sàmíát ò dìde. Tí a bá ti ilé kan jáde, ilé tó kàn ló ń fọwọ́ júwe.

Ilé màmá la fi parí rẹ̀. Wọ́n ní kí Ọlájídé mú kámẹ́rà rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, kó fi gbogbo ohun tó yà han àwọn. Ìlérí tí Sàmíát ṣe náà nìyẹn, pé àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí i. Màmá wò ó títí, ọmọ wọn lórí ẹní. Wọ́n ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Wọ́n wá yíjú sí Sàmíát, wọ́n ní òun làwọn ṣì mọ̀, pé ní ti àwọn oníyẹ́lò yìí, àwọn á ṣì máa wò wọ́n ná.

Wọ́n dá kámẹ́rà padà fún wa. Tèmi ń rùn bí ẹja títí di òní, mi ò sì nù ún. Títí di òní náà, Ògúnlànà ò tíì bẹ Sàmíát. Ohun tó ṣe ni pé, nígbà tí a ń rìn padà sí títì, ó dúró dè é, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára, ó wá fi ohùn àgbà kí i pé, "Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

Sàmíát ò dúró.

"Mi ò ṣiṣẹ́," ó ní. "Mo jókòó ni."